Ohùn Tó Máa Ń Ṣáájú Iná

Ẹ̀yin ọmọ yìí, èwo ni kí ẹ máa fi ìka ti iṣu inú àwo yín kiri bí ẹni tó rí ohun àjèjì? Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní, "Bàbá àgbà, ṣé iṣu nìyí àbí ànàmọ́?" Iṣu ni. Ojúlówó iṣu ni, láti oko Mùsíbáù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ti ń jẹ ẹ́, n ó sọ fún yín bí iṣu oko wa ṣe di ohun tí ọmọdé lè kì bọ àpò ṣòkòtò. Yorùbá ilé ìwé ni n ó fi sọ ọ́ o, torí bí mo bá gbé Ìjẹ̀bú wa dé, ẹ̀yin ọmọ Èkó á máa wo ẹnu mi bíi pé mo ń jẹ òkúta.

Ẹ ti rí ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Mùsíbáù, nínú yàrá yẹn. Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀. Ẹ kí i láàárọ̀, kò dáhùn, ẹ sì rò pé ó ń bínú sí yín. Kò bínú. Kò ní ohùn mọ́ ni. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fa èéfín símú mọ́ rárá, pé ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà yín fi gbé àdògán jùnù, tí a fi ń dáná gáàsì bí ará ìlú òyìnbó, tí mo sì fi lé ọkùnrin tó ń sun rọ́bà àti pàǹtí lẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́sí. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn, imú ni mo kọ́kọ́ máa ń nà síta kí n tó gbé ẹsẹ̀.

Kò sì sí ẹni tó lóhùn tó o láyé ijọ́un. Òun ni olùpè abà wa.

Abà wa kò sí ní Òjòwò níbí. Ó wà nísàlẹ̀, lápá etí omi, lójú ọ̀nà Ìwópin, níbi tí igbó ti dí débi pé a máa ń gbọ́ òjò lórí ewé fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣoṣo tó kan wa lára. Ẹ̀yìn ọdún tí oòrùn bá ti gbẹ ilẹ̀ la máa ń ṣán igbó. A ó fi sílẹ̀ kó gbẹ, a ó sì dúró de ọjọ́ iná. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé nípa igbó jíjó. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi tán ná.

Ọjọ́ iná, ọdún ni lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìyá wa á ti gún ata sílẹ̀, wọ́n á ti bu epo sínú ìkòkò, torí iṣu tuntun kọ́ la fẹ́ jẹ, ẹran ìgbẹ́ ni. Òkété á sá jáde, ọ̀yà á sá jáde, àwọn ọkùnrin á dúró pẹ̀lú kùmọ̀ létí oko. Ìgbín tí kò lè sá ni àwa ọmọdé máa ń ṣà nínú eérú lọ́jọ́ kejì. Eérú náà á ṣì gbóná, a ó máa fò sókè bí ẹni tó ń jó. Ilẹ̀ tó gba eérú yẹn, bí ẹ bá gbin iṣu sí i, ẹ ó pe èèyàn kún ara yín kí ẹ tó gbé e délé. Mo rántí ọ̀kan tí bàbá mi fi ọ̀pá gbé léjìká, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ bí ẹni gbé aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ṣáná kí olùpè tó pè.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Olùpè nìkan ni yóò wọ inú oko tí a ti ṣán. Yóò lọ títí dé àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè, yóò sì máa rìn bọ̀ wá síta díẹ̀díẹ̀, yóò máa yí oko náà ká bí ó ti ń bọ̀. "Ẹ jáde o! Ọmọ èèyàn, ẹ jáde! Ẹran ìgbẹ́, ẹ jáde! Aláboyún, ọlọ́mọ lẹ́yìn, ẹ jáde! Iná ń bọ̀!" Ohùn náà á kọ́kọ́ jìnnà, á dà bíi pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà á súnmọ́. Bó bá dé etí oko, á gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó mú iná dání, á ní, "Mo ti jáde o. Ó kù sọ́wọ́ yín." Ìgbà yẹn ni a ó tó ṣáná.

Wọ́n sì kọ́ wa, láti kékeré, ohun tí èèyàn ń ṣe bó bá gbọ́ ìpè. O kò gbọ́dọ̀ dáhùn. O kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ sílẹ̀, kí o kẹ́yìn sí ohùn náà, kí o máa lọ títí tí wàá fi dé ojú ọ̀nà. Ìdí tí a kì í fi í dáhùn ni pé ìyá bàbá wa, tó jẹ́ olùpè kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbà á, gbọ́ ẹni kan tó fi àwàdà dáhùn láti inú igbó, ó sì padà wọlé lọ wá a. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá dáhùn ìpè, wọ́n á nà án kó tó jẹun. Ó wọ̀ wá lára débi pé a kì í ronú sí i mọ́. Tíṣà kan wà nígbà yẹn, ará òkè, tó lọ gbọnsẹ̀ nínú oko lọ́jọ́ iná. Àwa ọmọ ilé ìwé rẹ̀ gbọ́ ìpè, a kẹ́yìn sí i, a ń lọ. Òun ń ké tẹ̀lé wa pé, "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìgbà tó rí i pé a kò wẹ̀yìn ló sá tẹ̀lé wa pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́. Títí tó fi kúrò níbẹ̀, a kò lè wò ó lójú nínú kíláàsì kí ẹ̀rín má pa wá.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ṣá pé a kò wẹ̀yìn.

Ìgbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òjò tó yẹ kó dé, kò dé. Oòrùn tó yẹ kó ràn, á ràn bíi pé wọ́n ta aṣọ bò ó. Ìjọba wá rán àwọn èèyàn sí wa. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, Bùnmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Aládùúrà tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìpàdé. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Ó ní ayé ń gbóná. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí wọ́n dín èéfín kù, kí wọ́n sì jẹ́ kí igbó dúró, pé òfin ti dé wàyí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sun oko mọ́. Ó ní èéfín kì í mọ sí oko ẹni tó dá a. Ó ń bo oòrùn mọ́ àgbàdo ẹlòmíràn lójú, ó ń dí òjò ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn tí a kò ní rí láyé ni ebi rẹ̀ ń pa.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, èéfín tiwọn náà ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá, tiwọn pọ̀ ju tiyín lọ fíìfíì. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà."

Kò purọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó tún ṣèlérí pé wọn yóò mú ẹ̀rọ wá tí yóò máa lọ pàǹtí oko di ajílẹ̀, kí ilẹ̀ lè rí nǹkan jẹ dípò eérú. Òun náà kọ̀wé, ó lọ, ó bọ̀, ó bínú. Òfin ti dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, ẹ̀rọ kò dé. Oko tí a ṣán kò ṣeé gbìn, igi gbígbẹ dí i. Ibi tí a bá sì rí gbìn, iṣu ibẹ̀ á ta bí èyí tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí.

Bí iná ṣe dáwọ́ dúró, ìpè náà dáwọ́ dúró. Àwọn kan ń sun oko lábẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró láàárín oko máa ké "iná ń bọ̀" kí ẹ̀ṣọ́ igbó lè wá mú un? Wọ́n á ṣáná, wọ́n á sá. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, iná tí kò ní ohùn níwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Á bi mí pé bàbá wa dà, bẹ́ẹ̀ bàbá wa ti wà nínú ilẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Á kírun Àsùbáà tán, á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Mùsíbáù lábà ló ń gbé nígbà náà, torí inú rẹ̀ máa ń dùn bó bá ń rí igi. Ó gbàgbé orúkọ èmi pàápàá, àbúrò rẹ̀ nìkan ni mo jẹ́. Ohun tí kò gbàgbé ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni mo ń bọ̀ wá kàn. Kùrukùru kan dé. Èmi mọ ọyẹ́, ọyẹ́ kọ́ ni. Ọyẹ́ máa ń tutù, ó máa ń gbẹ ètè. Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní òórùn iná, ṣùgbọ́n kò síbi tí a ti rí iná. Ẹ lè wo oòrùn lójú korokoro, ó rọra pọ́n, kò ní ìtànṣán kankan. A ń rìn lọ́sàn-án, a kò ní òjìji. Àwọn adìẹ lọ sùn nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. Òdòdó kòkó ń já bọ́ lórí igi, ẹ ó máa rí i tó ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí atẹ́gùn. Ẹyẹ kan kò ké. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abà ń rọra sọ̀rọ̀, bíi pé òkú wà nílé.

Mo wà lábà lọ́jọ́ náà, Mùsíbáù wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, òní gan-an ló yẹ. Gbogbo ojú ọ̀run ti kún fún èéfín. Bí mo bá jó oko mi, ta ni yóò dá èéfín tèmi mọ̀?"

Mo ní, "Òfin ńkọ́?"

Ó ní, "Òfin ò bímọ, èmi bímọ. Ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè gbé wa dé ìgbà òjò."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ n tẹ̀lé e kí n lè bá a wo ibi tí iná yóò kọrí sí. Mo bi í léèrè ìyá rẹ̀. Ó ní ó wà nínú yàrá, ó ń sùn, òun ti rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Kò sùn o. Ó ti rí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tí ọmọ rẹ̀ gbé jáde. Ó ti rí àdá àti ewé tútù tí a fi ń pa iná létí oko. Ó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó tẹ́tí, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó wọ inú oko lọ, títí dé àárín gbùngbùn, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí. Ẹsẹ̀ arúgbó kì í yá. Kó tó débẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ṣáná sí etí oko.

Èmi, Mùsíbáù, àti àwọn alábàágbé wa la wà níbẹ̀, a ti tú ká sí etí oko náà, kálukú ń ṣọ́ ìhà tirẹ̀. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó ń ta pàràpàrà. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ.

"Ẹ jáde o! Ọmọ èèyàn, ẹ jáde! Ẹran ìgbẹ́, ẹ jáde!"

Gbogbo irun ara mi dìde. Ohùn náà kò ní ibi tó ti ń wá. Kùrukùru gbà á, ó pín in kiri, ó dà bíi pé òfuurufú fúnra rẹ̀ ló ń pè wá. Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kẹ́yìn sí oko. Mo ń lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó kù nínú ewé gbígbẹ, àwọn náà ń lọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Mùsíbáù, ọkùnrin bí igi ìrókò, jáde nínú èéfín pẹ̀lú omi lójú, ó dúró tì mí lójú ọ̀nà. A wo ara wa. Gbogbo wa ló pé.

Ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́ pé, "Àwọn tó ti lọ ni. Inú ń bí wọn pé a kò pè mọ́."

A gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. A dúró síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, a ń gbọ́ ìpè náà bó ti ń yí inú oko ká. "Aláboyún, ọlọ́mọ lẹ́yìn, ẹ jáde! Iná ń bọ̀!" Láìmọ̀, mo ń dúró de ìparí rẹ̀. Mo ń dúró de "Mo ti jáde o." Ohùn náà ní "Ẹ jáde," ó wúkọ́. Ó tún ní "Ẹ já," ó dákẹ́.

"Mo ti jáde" kò dé.

Mo ní, "Mùsíbáù, òkú kì í wúkọ́."

Ó wò mí. Ó ké "Yèyé mi!" ó sì ya wọ inú iná. Ẹ̀yin ọmọ, èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sunkún. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo kẹ́yìn sí i torí pé ó ní kí n kẹ́yìn sí i. Òun ló kọ́ wa. Ó kọ́ wa dáadáa.

Ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn jáde. Etí ìró rẹ̀ ti jó, iná kò kàn án lára. Èéfín ló mú un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti rí ọwọ́ iná nígbà yẹn, wọ́n já dé pẹ̀lú ìbínú. Bí wọ́n ti rí arúgbó lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ìbínú náà tán. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé Mùsíbáù lọ sí àgọ́ ni wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Bùnmi wá bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Kò báni wí. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé bí wọn kò bá lè mú ẹ̀rọ wá, kí wọ́n yan ọjọ́ fún àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sun díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n pè. Mo ní, "Ta ni yóò pè é, ọmọ mi?"

A gbé e wá sí Òjòwò níbí kúrò nínú igbó. Mùsíbáù náà tẹ̀ lé e, ó ń lọ sí oko láti ibí. Kò ṣáná mọ́, ìṣáná pàápàá kò sí lápò rẹ̀. Ọkọ́ lásán ló fi ń wá ilẹ̀ láàárín igi gbígbẹ. Iṣu tó rí níbẹ̀ lẹ ń jẹ.

Ẹ ti rí i pé kùrukùru náà tún ti dé. Àná, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó burú ju èyí lọ. Mo ń mu ògì lọ́wọ́ nínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò dìde fúnra rẹ̀ látìgbà tó ti dé, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Ẹnu rẹ̀ là, ó pàdé, ó là. Ohùn kankan kò jáde, àwa tí a ti gbọ́ ọ rí mọ ohun tó ń wí.

A dìde. Ìyá àgbà yín sọ ṣíbí sílẹ̀. Mùsíbáù jáde nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Kò sẹ́ni tó dáhùn, a kàn ń jáde ni, gbogbo wa, títí dé ojú títì. A kò rí mọ́ṣáláṣí òdìkejì. Ọlọ́kadà kan kọjá, iná ọkọ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Òórùn iná wà níbi gbogbo, kò sì sí iná níbì kankan. Mo sáré padà láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ilé kí èéfín má bàa kàn án, ó ti tẹ̀lé wa jáde. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo òkè. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi léjìká, ó fa ètè rẹ̀ mọ́ etí mi. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Ó ní, "Àbúrò, níbo ni ìta wà?"

Mo gbé ọwọ́ sókè láti júwe fún un, mi ò sì rí ibi tí mo lè nà án sí.